Táì Kì í Yóni

Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa lọ́lọ́. Ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì, àwọn yunifásítì aládàáni bíi Redeemer's àti Adeleke ń kọ́ni lọ ní tiwọn. Àwọn òbí ní, "Ẹ wo àwọn tó mọṣẹ́ níṣẹ́!"

Wọ́n mọṣẹ́ lóòótọ́. Ṣebí Redeemer's ní Ẹdẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka ètò jíìnì kòkòrò kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta 2020.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iléèwé aládàáni káàkiri. N kò pe orúkọ ẹnì kankan o. Olùkọ́ ibẹ̀, bó bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ á ti dá a sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ń de táì nínú oòrùn, ó ń kọ́ni, ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kiri bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ tútù. Bọ́mọ bá gba D, òbí á fóònù: "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ mọ iye tí mo san?" Ó mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ tí wọn kò tíì san lòun ń kà.

Ẹ̀yin aláṣẹ, táì dára lọ́rùn, ṣùgbọ́n kì í yóni. Ẹ sanwó olùkọ́ lásìkò.