Lẹ́tà Ṣíṣí sí Akọ̀wé Mi, Olówó Mọ́tò Tuntun

Akọ̀wé Mi, ọkọ mi kékeré,

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi ara yín pé kí ló dé tí ìyàwó ilé fi ń kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀ níta gbangba, nígbà tí kì í ṣe pé kò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Mo pè yín, ẹ ní ẹ wà ní mítíìnì. Mo tún pè, ẹ ní ẹ ń wa mọ́tò lọ́wọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ràn yín kò ní máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìrìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wa mọ́tò tó tún ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn náà ni.

Nígbà tí ẹ gbé e délé, tuntun nínú ọ̀rá, oníjókòó méje, gbogbo ilé ló jó. Pásítọ̀ da òróró sí i lórí. Bàbá wa tí wọ́n ti wa lọ́rì rí ní kí ẹ má gbàgbé Ògún. Ẹ ní onígbàgbọ́ ni yín, ṣùgbọ́n èmi tí mo dúró sẹ́yìn géètì rí yín nígbà tí ẹ ń rọra ta jíìnì sídìí táyà. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnìkan kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà, oṣù kẹjọ rèé, ọ̀rá kò tíì kúrò lórí ìjókòó. Àwọn ọmọ ń làágùn lé e lórí. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, ńṣe ni itan wọn ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹ ń fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ mọ́tò náà, ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ihò ríìmù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọjọ́ tí ẹ ya fọ́tò ni a ti rí i ní ṣíṣí kẹ́yìn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ọkọ mi.

Ẹ mọ ibi tí mo ti ń jẹun. Ìdí káńtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ń jókòó sí. Èmi ni mo ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́tò wá fún sáfíìsì, èmi náà ni wọ́n sì máa ń rán sí oníbàárà tí wàráńtì kò bá sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín fi dùn mí nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ dìde níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ ní, “Mọ́tò tèmi kò mọ mẹkáníìkì, ó ní wàráńtì.” Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó so ońdè mọ́rùn tó ń lọ sójú ogun. Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́!

Àdéhùn ni wàráńtì, apá méjì ló sì ní. Ti ilé iṣẹ́ ni pé bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nítorí pé wọn kò ṣe é dáadáa, tàbí pé ohun tí wọ́n fi ṣe é lábùkù, wọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín àsìkò tí wọ́n dá. Toyota tuntun tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ń gba ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kia ń fún àwọn ará Ìlú Ọba ní ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì. Hyundai ní Amẹ́ríkà ń dúró ti ẹ́ńjìnì àti gíà fún ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì, bí ọkọ̀ náà bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Iye ọdún lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè lọ́wọ́ olówó mọ́tò: kí ó máa tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ṣe là á sílẹ̀, kí ó sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ojú ewé yẹn ni ẹ ṣí kọjá.

Ohun tó wà nínú ìwé tiyín kò le. Ẹ ó gbé e wá ní 1,000 kìlómítà kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, sáfíìsì di gbogbo 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Nígbà tí mo bi yín léèrè, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ ní mítà kò tíì kọjá 4,300, pé kí n má fi iṣẹ́ wá yín lápò.

Ọkọ mi, Ọ̀jọ́dú ni ẹ ń gbé, Erékùṣù Èkó ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Afárá Third Mainland kò gùn tó kìlómítà 12, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ sọ fún ìyá wa pé ẹ lo wákàtí méjì lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí tírélà kan dá dúró. Ní wákàtí méjèèjì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ọ́ìlì ń gbóná nísàlẹ̀, mítà sì wà lójú kan náà. Ọ̀nà tí táyà rìn ni mítà ń kà, kò ka àkókò tí ẹ́ńjìnì fi jóná nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Ìdí tí wọ́n fi kọ oṣù mẹ́fà mọ́ kìlómítà nìyẹn. Ẹni tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Ìlọrin láìdúró ń ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀ lóore ju ẹ̀yin tí ẹ ń fi gbogbo ọjọ́ rá láti Berger dé Ọ̀wọ̀rọ̀ǹṣòkí.

Ọ́ìlì kì í kàn mú kí irin yọ̀ lára irin. Òun ló ń gbé ooru kúrò, òun ló ń kó èéfín dúdú àti bẹntiróò tí kò jóná tán mọ́ra, àwọn èròjà kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń bá oró èéfín náà jà. Àwọn èròjà yẹn máa ń tán. Bí wọ́n bá ti tán, ooru á sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á lọ dí ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà gòkè, irin tó wà lókè á sì máa ha ara wọn láìsí ohun kan láàárín. Kì í ké lọ́jọ́ kìíní. Ó lè gba ọdún méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kóókóó láàárọ̀, ìgbà yẹn ni ẹ ó wá rántí pé ìyàwó ilé kan wà tó ń ṣiṣẹ́ níbì kan. Bí iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn níwájú yín, ẹ dákun, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ délé.

Ẹ ti ní ìdáhùn, mo mọ̀. Ẹ ní ẹ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ní Ìlú Ọba, Toyota ní kí wọ́n máa ṣe sáfíìsì ní ọdọọdún tàbí ní 10,000 máìlì, èyí tó lé díẹ̀ ní 16,000 kìlómítà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn tó ń ṣe mọ́tò máa ń ní ojú ewé fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìnira: ibi eléruku, ibi olóoru, ìrìn kúkurú, ìdúró gígùn pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn, ẹrù wúwo. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dárúkọ Èkó.

Ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Houston ńkọ́, tó ní kò sẹ́ni tó lè fipá mú òun lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́? Òun náà kò purọ́. Láti 1975 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin Magnuson-Moss, ilé iṣẹ́ kò sì lè fagi lé wàráńtì kìkì nítorí pé ẹlòmíràn ló pààrọ̀ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ẹ bi í wò bóyá kò tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ gbogbo, pẹ̀lú ọjọ́, iye máìlì àti irú ọ́ìlì tí wọ́n lò. Ọ̀gá mẹkáníìkì tiyín, tí mo bọ̀wọ̀ fún, tó mọ ẹ́ńjìnì ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ aṣọ funfun níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀yìn páálí sìgá ló ń kọ ìṣirò sí. Mo kàn ń fojú inú wo bí n ó ṣe fi òǹtẹ̀ lu páálí sìgá.

Níbi tí mo dé yìí, ẹ lè máa rò pé bóyá owó oṣù mi ni mo ń jà fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá mi kò ní fẹ́ kà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá ní kí ẹ ṣe lẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa bá ní kí ẹ sanwó láti fi oògùn fọ inú ẹ́ńjìnì tí kò tíì rin 5,000 kìlómítà, ẹ ní kí ó fi ibi tí ìwé ti wí bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa họ orí. Bí ilé iṣẹ́ bá sì kọ̀ láti tún àbùkù tí ẹ bá nínú ọkọ̀ ṣe, Nàìjíríà ní òfin ààbò oníbàárà ti 2018, àjọ FCCPC sì wà tí ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí. Kìkì pé ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ni ìwé, ẹ̀yin sì ń fi ìwé tiyín di fèrèsé kí ó má máa gbá.

Nípa ti ohun tí wàráńtì kì í san, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ohun tó ń jẹra nítorí pé à ń lò ó kì í sí níbẹ̀: páàdì bíréèkì, wáípà, gílóòbù, kilọ́ọ̀ṣì. Táyà ní àdéhùn tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Bátìrì, wọn kì í dúró tì í pẹ́ tó ọkọ̀. Dánfó tó ha yín lára ní Ọ̀gbà, iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nìyẹn. Ìnṣọ́ránsì tẹ́ẹ̀dì pátì tí ẹ san, tó ti di ₦15,000 láti 2023, ti ẹni tí ẹ bá kọlù ni, kì í ṣe tiyín. Omi tó wọ inú ọkọ̀ nígbà òjò Lẹ́kí kò kan ilé iṣẹ́. Epo burúkú kò kàn wọ́n. Ṣé ẹ rántí February 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilé epo káàkiri? Ẹ̀bi ẹni tó ta epo ni irú ìyẹn, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ aláàmù. Mo gbọ́ pé ẹ ti bá rewáyà kan sọ̀rọ̀ kí ó wá fi aláàmù onígbe àkùkọ àti iná aláwọ̀ búlúù sí mọ́tò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin náà fi abẹ gé wáyà kankan nínú ọkọ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò òde òní ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tín-ín-rín. Ẹni tó bá já ọ̀kan tó fi téèpù dúdú wé e ti fún ilé iṣẹ́ ní àwáwí fún gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ iná títí wàráńtì á fi tán. Bí ó bá jẹ́ pé igbe àkùkọ ni ẹ fẹ́, mo ní àkùkọ méjì lẹ́yìn ilé.

Ṣé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́? Rárá. Oṣù méjì tí ẹ fi pẹ́ kò pa wàráńtì. Bí ẹ bá ṣe é báyìí tí a kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti wọ̀nà. Ní ilé, ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ láàárọ̀ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Ẹ wọn atẹ́gùn táyà nígbà tí ó bá tutù, nọ́ńbà tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n wà lára férémù ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í ṣe ohun tí fọkanáísà bá lá lálàá. Ẹ má da omi ẹ̀rọ sí rédíétọ̀, kí ó má baà dípẹtà. Bí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò. Eruku Kánò ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò sanwó ọkọ̀.

Mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ. Ìyàwó yín ti mọ̀, òun náà ló yọ ìwé kúrò lójú fèrèsé. Ẹ fún wa ní nọ́ńbà fóònù tó ń lọ pẹ̀lú, nítorí èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ra ọkọ̀, obìnrin kan ní Àkúrẹ́ ló ń gbé e, ó sì ní òun kò ní mọ́tò. Bí aago mẹ́sàn-án bá lù tí n kò rí yín, ẹlòmíràn ni n ó fún láyè yín, ẹ ó sì tò bí gbogbo ayé. Ọkọ ni yín nílé. Ní ìdí káńtà, oníbàárà ni yín.

Èmi ni,
Ìyàwó yín àgbà.