Òfin Ti Dé, Ìròyìn Rẹ̀ Ló Kù

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ń fi òfin pa mọ́ fún aráàlú. Irọ́ ni. Wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì tó ta kókó kọ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú gàsẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni tó bá láyà, tó lówó ọkọ̀, tó sì ní lọ́yà méjì ti lè rí i kà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa ti gbọ́ nìyẹn. Abala 22 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti sọ ọ́ tipẹ́ pé "mi ò mọ̀" kì í ṣe àwíjàre. Ìyá tó ń din àkàrà létí títì Ìgbògbò ní Ìkòròdú wà nínú gbogbo wa tó ti gbọ́ yẹn. Òun nìkan ni kò tíì mọ̀ pé òun ti gbọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìròyìn òfin ń gbà wọ̀lú: ẹni tó wá gbowó ló ń gbé e bọ̀. Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin méjì tó fi káàdì kọ́rùn, tí ọ̀kan mú rìsíìtì dání, tí ìkejì mú ṣéènì àti àgádágodo, nǹkan kan ti yí padà ní Àbújá tàbí ní Aláùsá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó yí padà. "Èló ni?" là ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwọn oní-POS. Ní oṣù Karùn-ún 2024, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn CAC, fẹnu kò pẹ̀lú àwọn tó ń pín ẹ̀rọ POS pé gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ náà ṣòwò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 7 oṣù Keje. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, wọ́n sún un di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ṣùgbọ́n lábẹ́ agboòrùn tí màmá kan ń jókòó sí lójú ọ̀nà Báyékù, ìwé ìròyìn tó ń débẹ̀ ò ju èyí tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà lọ. Ọmọkùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà sínú àpò ẹ̀yìn ló wá jíṣẹ́: "Màmá, CAC ní kí gbogbo yín wá forúkọ sílẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti ibí pa." Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Mùsùlùmí lèmi, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì?"

Màmá ò jẹ̀bi. CAC tó ń lu agogo àdúrà ti wà nílẹ̀ Yorùbá fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí òfin 1990 tó bí CAC tó ń gbowó. CAC àkọ́kọ́ yẹn tiẹ̀ ní wòlíì, ó máa ń sọ ohun tó ń bọ̀ fún èèyàn kó tó dé.

Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ ya ṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan láti Ìgbògbò títí dé Sábó, ẹ ó rí ìwé ẹ̀rí CAC nínú férémù onígíláàsì lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà Kábíyèsí, tí eruku ti bo méjèèjì. Ẹni tó ni ín gbà pé ẹ̀ẹ̀kan láyé tó. Òfin ilé iṣẹ́ tí Buhari buwọ́ lù lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2020 ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún, kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tó kọjá, ẹni tó lórúkọ òwò gbọ́dọ̀ wá sọ fún CAC pé òun ṣì wà, kó sì sanwó lé e. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tó bá lọ tọrọ ẹ̀yáwó, tí akọ̀wé báńkì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i: òun tó ń jí ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́, òwò rẹ̀ ti kú tipẹ́ ní Àbújá, kò sẹ́ni tó wá túfọ̀.

Òfin yẹn kan náà ló gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, láìwá ìyàwó tàbí àbúrò tó máa fi orúkọ dí àlàfo. Ire ńlá ni. Ẹ ò rí ẹni tó gbé ṣéènì wá sọ ìyẹn fún yín, àbí?

Èyí tó dùn mí jù ni ti búrẹ́dì. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe búrẹ́dì, náílọ́ọ̀nù pupa, ìlà aláwọ̀ wúrà méjì, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ló sì kọ sí i. Ẹ ṣàdédé rí i, ẹnì kan gbé tirẹ̀ dé láti ọ̀nà Ṣágámù: náílọ́ọ̀nù pupa, ìlà aláwọ̀ wúrà méjì, orúkọ kan náà bí ẹ bá yọ lẹ́tà kan kúrò. Ìyá oníbúrẹ́dì já férémù rẹ̀ lára ògiri, ó gbé e há abíyá, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà ní CAC kì í ṣọ́ náílọ́ọ̀nù. Orúkọ òwò lọ́tọ̀, àmì ọjà lọ́tọ̀. Àbújá ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ wà, lábẹ́ ẹ̀ka òfin ìṣòwò nílé iṣẹ́ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Fọ́ọ̀mù mìíràn, owó mìíràn.

Ká tiẹ̀ ní ó ti forúkọ sílẹ̀ láyé ijọ́un, ẹjọ́ kan wà tí ì bá dí i lọ́nà, èyí tí gbogbo mẹkáníìkì Ìkòròdú yẹ kó mọ̀. Ferodo, tó ń ṣe búrékì ọkọ̀, pe iléeṣẹ́ Ibeto lẹ́jọ́ pé páálí tí wọ́n fi ń ta Union Supa ti jọ tàwọn jù, pupa, dúdú àti funfun rẹ̀. Ẹjọ́ náà rìn títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní 2004, àwọn adájọ́ ní ọ̀rọ̀ náà, Ferodo, lẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara páálí, Union Supa ò sì jọ Ferodo létí ẹnikẹ́ni. Ó parí síbẹ̀.

Òfin àmì ọjà ti 1965 ni wọ́n gbé e lé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 2023, Buhari buwọ́ lu òfin kan tó fẹ́ mú òwò ṣíṣe rọrùn, tó tún ọ̀pọ̀ òfin mìíràn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ti àmì ọjà wà lára wọn. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ìrísí ọjà lè jẹ́ àmì, ohun tí wọ́n di ọjà sí lè jẹ́ àmì, àwọ̀ tí wọ́n pa pọ̀ náà lè jẹ́ àmì. Iṣẹ́ bí irun dídì àti aṣọ fífọ̀ náà wọ inú òfin gbangba. Náílọ́ọ̀nù pupa, ìlà aláwọ̀ wúrà méjì! Òfin tó lè gba ìyá oníbúrẹ́dì lọ́wọ́ ará ọ̀nà Ṣágámù ti délẹ̀, ó jókòó sí Àbújá, ó ń retí ẹni tó máa wá kí i.

Ẹ sì jẹ́ ká bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ ará ọ̀nà Ṣágámù ló kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá gbé orúkọ yẹn lọ, tí ọ́fíìsì náà sì gbà á wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú Jọ́nà àmì ọjà, wọ́n á fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní oṣù méjì láti tako ó. Oṣù méjì gbáko! Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní gáréèjì Ìkòròdú, ẹ ní Jọ́nà lẹ fẹ́ rà. Ìwé púùlù ni wọ́n máa nà sí yín.

Àwa oníṣẹ́ ìkọ̀wé náà rí tiwa gbà, kí n má bàa jẹ́ abaraámóorejẹ. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníwèé, olórin àti onífíìmù, tí wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta 2023 láti fi rọ́pò ti 1988, dárúkọ ẹ̀fẹ̀ àti àṣínjẹ ní gbangba pé èèyàn lè fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe é, bí kò bá ti kọjá ààlà. Àwọn Ikorodu Bois, tí wọ́n fi bárò àti ìkòkò ṣe fíìmù Amẹ́ríkà láṣefẹ́ títí Netflix fi kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020, ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́ kí òfin tó rántí wọn. Ní ti ilé ọtí, olórin lẹ́tọ̀ọ́ sí owó bí wọ́n bá fi orin rẹ̀ fa oníbàárà. Mo sọ èyí fún oníbíà kan. Ó ní òun rò pé olórin ló jẹ òun ní gbèsè, ṣebí òun ló ń bá a polówó láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú.

Mo wá ní ìmọ̀ràn kan fún àwọn ọ̀gá l'Ábújá. Ẹ gba àwọn tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú ọkọ̀ síṣẹ́. Oògùn tí wọ́n gún ní Muṣin lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, gbogbo èrò inú kòròpẹ̀ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ ní Ìgbògbò ló ti mọ iye àìsàn tó ń wò. Wọn kì í ka abala fún èèyàn. Wọ́n á dìde, wọ́n á kí gbogbo ọkọ̀, wọ́n á ní: "Ìyá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, ṣé wọn ò tíì jí náílọ́ọ̀nù yín? Ẹ má sọ pé kò kàn yín o, ará ilé yín ló máa jí i." Kí ọkọ̀ tó dé ìdúró tó kàn, èèyàn méjì ti gba fọ́ọ̀mù.

Bí ìyẹn bá já wọn sí ìwọ̀sí, Ìyálọ́jà ń ṣèpàdé, Radio Lagos ń sọ Yorùbá, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì sì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kò jẹ́ ká sùn tẹ́lẹ̀. Àwọn aṣòfin Èkó gan-an ti máa ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á pòwe, wọ́n á dá àbá, ilé á dùn. Bó bá di pé kí òfin jáde síta, Gẹ̀ẹ́sì ló ń wọ̀ jáde.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ìròyìn ń fò dá. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, Tinubu buwọ́ lu òfin owó orí mẹ́rin, tí àwọn tó ṣe kókó nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026. Ó ku díẹ̀ kí ọdún parí, aṣòfin kan dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣojú, ó ní òun ti ka gàsẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kọ́ làwọn dìbò fún. Ariwo sọ, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tún òfin náà tẹ̀. Mo ka ìròyìn yẹn sétí ìyá oníbúrẹ́dì níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè," ló wí. "Èwo nínú méjèèjì ni kí n san?"