Adìẹ Funfun Sanwó Ijó

Ní ilé ijó alẹ́ kan ládùúgbò Ẹ̀gbẹ́dá, tí mi ò ní dárúkọ nítorí pé bíà wọn tutù dáadáa, ni wọ́n ti sọ fún àgbà ọkùnrin kan lójú gbogbo èrò pé kò gbọ́ ìlù. Aláalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jó salsa níbẹ̀. Páàtì mọ́tò ni ọkùnrin ọ̀hún ń tà ní Ìyànà-Ìpájà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Àyàn ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Tíṣà tó ń kọ́ wọn kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ní, "Dádì, ẹ ò gbọ́ bíìtì yẹn ni? Ẹ tún un kà: uno, dos, tres, ẹ dúró!" Ọmọ Àyàn tẹrí ba, ó ń kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Díẹ̀ ló kù kí ọbẹ̀ ata gba imú mi jáde. Ibẹ̀ ni òwe ti sọ sí mi lọ́kàn pé adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ẹ kúkú mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ewú bo adìẹ látorí dé ìrù, àárín òròmọdìẹ ló tún wà tó ń bá wọn ṣá kòkòrò jẹ. Ṣùgbọ́n adìẹ ayé àtijọ́ ṣì gbọ́n ju tiwa lọ. Kò sanwó fún òròmọdìẹ pé kó wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tan ilẹ̀. Ti Ẹ̀gbẹ́dá sanwó ìwọlé, ó sanwó ẹ̀kọ́, ó ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ó sì bọ́ sínú ṣòkòtò tó fún un débi pé tíṣà ló ń bá a gbé fóònù lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa gba èbúté Èkó àti Ouidah lọ sí oko ìrèké ní Kúbà. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Wọn ò di ẹrù kankan dání. Orí ni wọ́n fi gbé ìlù sọdá òkun. Bàtá mẹ́ta-mẹ́ta ṣì ni wọ́n ń lù ní Havana títí dòní, Iyá ni wọ́n sì ń pe èyí tó tóbi jù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò yarọ. Irú ìlù wọ̀nyí, àti ti àwọn ará Kóńgò, àti gìtá àwọn Sípéènì, ló para pọ̀ di rumba àti son. Àwọn ọmọ Kúbà àti Puerto Rico gbé e dé New York. Johnny Pacheco àti lọ́yà kan tó ń jẹ́ Jerry Masucci wá dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Fania sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1964, ọjà wọn ló sì gbé orúkọ salsa káyé. Clave tí tíṣà ní kí ọmọ Àyàn tẹ́tí sí, igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni. Ìró márùn-ún ló ń dún, mẹ́ta kí méjì tó tẹ̀lé e. Ọmọ tí wọ́n bá pọ̀n lọ sí òde àríyá tí wọ́n ti ń ṣeré jùjú tàbí háílàìfù ti gbọ́ ọ lára agogo kó tó hu eyín. Òun ni wọ́n wá ń tà fún onílé ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ṣùgbọ́n ti arábìnrin kan ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkọ̀tún. Nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó fi àáké kọ́rí pé onílù bàtá kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, nítorí pé ìlù Ṣàngó ni, òun ò sì fẹ́ kí ẹ̀mí kan tẹ̀lé ìyàwó délé. Ó dára. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí, dí-jéè fi orin Celina González sí i, obìnrin ará Kúbà tó ti kókìkí Changó nínú àwo kí ọdún 1950 tó pé. Tẹ̀yìn-tẹ̀yìn ni arábìnrin wa fi wọ agbo. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú, ó ń gbe orin. Kábíyèsí tí wọ́n máa fi iná ẹ̀mí lé kúrò ní Ìkọ̀tún nígbà ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ti jókòó ní Ẹ̀gbẹ́dá láti àná, tó ń mu ọtí tútù. Ní Kúbà, ìyà ló jẹ́ kí wọ́n fi Bàrbárà Mímọ́ bo Ṣàngó lórí kí olówó wọn má baà fura, tí wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ ní 4 December. Àwa fi èdè Sípéènì bò ó kí pásítọ̀ má baà gbọ́.

Èdè Sípéènì yẹn gan-an ló sì gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní agbègbè wa, láti Ìgàndò dé Akọ́wọ́njọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ sọ Yorùbá. Ọmọ tó bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, yóò san owó ìtanràn. Bàbá rẹ̀ tó ń ka uno, dos, tres lálẹ́, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Ẹ tún lọ dúró síwájú gbọ̀ngàn àríyá ní Ìdímù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ó rí àwọn onílù tí wọ́n jókòó sórí gọ́tà nínú oòrùn, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń lé wọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́, pé kí àwọn alágbe má yọ àwọn àlejò lẹ́nu. Alágbe! Àwọn tí wọ́n mọ oríkì ẹ̀ṣọ́ náà ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ!

Mi ò bá salsa jà o. Àwọn bàbá wa náà fẹ́ràn ohun òkèèrè: Adéolú Akinsanya tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Ètò sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rio Lindo, síbẹ̀ agídìgbo ló gbé sí iwájú. Gnonnas Pedro ti ilẹ̀ Benin kọ salsa pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin Africando, tí ẹnikẹ́ni ò bá a ka ẹsẹ̀. Nígbà tí Celia Cruz àti àwọn olórin Fania dé Kinshasa ní 1974, ṣáájú ìjà ẹ̀ṣẹ́ Ali àti Foreman, ilé ni orin náà dé, àwọn onílé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi onípáàtì ńkọ́? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Tíṣà yà lọ ilé ìtọ̀, orin bọ́ síbi tí wọ́n ti dá ohùn dúró tí ìlù nìkan ń sọ̀rọ̀, ni èjìká bàbá bá gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó tún gbọ̀n. Ó gbé orúnkún, ó já a lulẹ̀ síbi tí ìlù já sí gẹ́lẹ́, ó yí, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Obìnrin tó ń bá a jó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó ń gbé ọtí kiri dúró. Gbogbo ilé hó. Tíṣà sáré jáde, ó ń pariwo, "Èjìká, Dádì, èjìká! Ẹ padà sí bésíìkì!" Bàbá nu òógùn, ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà." Ọmọ Àyàn tọrọ àforíjì pé ẹsẹ̀ òun mọ ijó jù!

Máníjà, mo ní ìmọ̀ràn kan fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn onílù tó wà lórí gọ́tà yẹn. Ẹ má kọ bàtá sára pátákó ìpolówó o, ẹnikẹ́ni ò ní wá. "Lucumí Night" ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì sọ owó ìwọlé di ìlọ́po méjì. Ẹ wá fìlà Panama fún onííyáàlù, kí onómele wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó. Bí oníbàárà bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá, kí wọ́n ní Havana ni. Kí ẹnì kankan má ṣèèṣì dárúkọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó jẹ́ ìlú wọn, ọjà á bàjẹ́.