Ìjàpá Gba Iṣẹ́ Kòkòrò Ààfin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti àwọn kòkòrò tó ń bá Ọba Kìnnìún gbélé láìsan owó ilé.

Kìnnìún kò rí oorun sùn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ara rẹ̀ á ti lé kókó-kókó, á máa họ ọ́ lójú àwọn ìjòyè. Lọ́jọ́ kan tó ń gbẹ́jọ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ìtẹ́ rẹ̀ kán, ọba dà sílẹ̀ gbì. Wọ́n wo ẹ̀wà inú abà, kòkòrò ti dá ihò sí gbogbo rẹ̀. Àwọn ìjòyè ní kí ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí owó ìjókòó bá wà, ìgbìmọ̀ kì í wọ́n. Ìjàpá ni wọ́n fi ṣe alága.

Ó pe àwọn afurasí. Akọ ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ jáde. Ó ní omi òdòdó lòun ń mu, òun kò fẹnu kan ẹ̀jẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Òótọ́ ló sọ o. Aya rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí iṣin, ni kò sọ̀rọ̀. Aáyán ní àlejò lòun, inú páálí tí olorì gbé láti ọjà bọ̀ lòun bá wọlé. Bó ti ń ro ẹjọ́ lọ́wọ́, àpò ẹyin wà ní ìdí rẹ̀ gbangba. Ikán ní kí wọ́n wo ilẹ̀kùn ààfin, ṣé kò dúró ni? Ó dúró lóòótọ́. Ọ̀bọ fi ìka kàn án, ìka wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ìdun kò wá; ó ránṣẹ́ pé òun kì í jáde lọ́sàn-án.

Ìjàpá bá dá orin, ìgbìmọ̀ ń gbè é:

Lílé: Ta ló ń jẹ ọba lóru?
Ègbè: Kínrinjìn, kínrinjìn.
Lílé: Ẹ̀fọn lóun kọ́ o.
Ègbè: Kínrinjìn, kínrinjìn.
Lílé: Ìdun lóun kọ́ o.
Ègbè: Kínrinjìn, kínrinjìn.
Lílé: Ọba ló ń jẹ ara rẹ̀!
Ègbè: Kínrinjìn, kínrinjìn.

Àbọ̀ ìwádìí náà gùn, kò sì dárúkọ ẹnì kan. Ohun tó yéni yékéyéké nínú rẹ̀ ni pé kí agbaṣẹ́ṣe kan máa wá fín ọ̀tapíapía sí gbogbo ààfin lóṣooṣù. Orúkọ agbaṣẹ́ṣe náà ni Ìjàpá.

Ìgò kékeré dichlorvos oníwọ̀n 100 ml, irú èyí tí NAFDAC fòfin dè ní Nàìjíríà ní 2019, ló lọ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lábẹ́ àga. Ó dà á sínú garawa omi, ó fín in sí ibùsùn, ó fín in sí ilé ìdáná, ó fín in lé ẹ̀wà tí wọn yóò jẹ. Inú run àwọn olorì mọ́jú. Àwọn tó kọ́kọ́ kú ni Aláǹtakùn àti àwọn ọmọ Ọmọńlé, àwọn ọdẹ tó ti ń ṣọ́ ògiri ààfin látọjọ́ pípẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Aáyán àgbà díẹ̀ kú. Ẹyin tó wà nínú àpò kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn ìdun kan kúrò ní yàrá ọba, wọ́n kó lọ sí ti olorì. Nígbà tó di oṣù kejì, Ìjàpá ní iṣẹ́ náà ti le sí i, kí wọ́n fi owó kún un.

Ọmọńlé yọ jáde, ìrù rẹ̀ ti gé, ó ń mi orí lára ògiri. "Kábíyèsí, iṣẹ́ kòkòrò kan kì í jọ ti èkejì. Ẹ ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì yín wò."

Wọ́n yí i. Lójú rírán fóòmù, wọ́n rí tótòtó dúdú wínníwínní: ìgbẹ́ ìdun ni. Inú ihò pákó bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ìdun fúnra wọn há sí. Wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, wọ́n da omi híhó sí gbogbo oríkèé rẹ̀, wọ́n se aṣọ ibùsùn. Kìnnìún ní ṣé kí òun kúkú sá kúrò ní yàrá náà fún oṣù kan, kí ebi pa wọ́n kú. Ọmọńlé rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdun lè gbààwẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù.

Lẹ́yìn ààfin, tanwíjí ń jó nínú táyà àti agolo tí omi òjò kún. Wọ́n da omi náà nù. Ọmọńlé ní kí wọ́n máa yẹ ibẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí tanwíjí má baà hu ìyẹ́. Ó fi ọ̀nà amọ̀ tí ikán mọ hàn wọ́n lára ògiri, wọ́n tọ̀ ọ́ lọ dé ìdí ìtẹ́. Ẹ̀wà tuntun, ó ní kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n kó ata gbígbẹ sí i. Ní ti aáyán, ó kàn bi àwọn olorì pé àwo ta ni kò fọ̀ mọ́jú. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìjàpá gbọ́, ó sáré dé, ó ní iṣẹ́ òun ni wọ́n ń gbà ṣe. Bó ti ń pariwo, páálí ìṣáná bọ́ lábẹ́ ìkarahun rẹ̀, ó ṣí. Ìdun méje rìn jáde.

"Ẹ̀rí ni!" ni Ìjàpá wí. "Ẹ̀rí ìgbìmọ̀ ni mo kó pamọ́!"

Kìnnìún bú ramúramù. Ìjàpá kò dúró gba ìyókù owó rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ààfin Ẹkùn ní ìlú kejì, ó jókòó sórí ẹní ọba, ó ń béèrè bóyá ara ń yún Kábíyèsí lóru. Ara kò tíì yún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kí ó tó jókòó.