Àánú ní Ìlú Ìbejì

Kò sí iṣẹ́ tí í kó ìdààmú bá ọlọ́gbọ́n tó iṣẹ́ aláàánú ní Igbó-Ọrà, ìlú tí ìwádìí àwọn ọdún 1970 fi hàn pé nǹkan bí ìbí 45 nínú 1,000 ni í já sí ìbejì, tí àwọn onílé sì ń gbé ọlá rẹ̀ fún àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjobí, ni a ń kì pé ó ń sọ alákìísà di aláṣọ. Ṣùgbọ́n kí aṣọ náà tó dé, ìyá wọn a ti gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn aláàánú, ó pọn ọ̀kan, ó gbá èkejì mọ́ àyà. Níbòmíràn, ìyá ìbejì a jó wọ ọjà, owó a sì máa rọ̀. Níhìn-ín, ìyá ìbejì ni ó ń tà, ìyá ìbejì ni ó ń rà: ta ni yóò wá ta ta lọ́rẹ? Akọ̀wé àwọn aláàánú tí ó wọn kóńgò gààrí kan fún Táyé láàárọ̀ a tún rí ojú kan náà lọ́sàn-án, tí ń búra pé Kẹ́hìndé ni òun. Bí ó bá lé e, ó lè ti lé Kẹ́hìndé tòótọ́. Bí ó bá wọ̀n ọ́n fún un, Táyé lè máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì, kò tilẹ̀ búra ní tirẹ̀; inú àpò gààrí ni ó tọwọ́ bọ̀.