Ẹdínwó Lórí Iṣẹ́ Abẹ

Ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn pín ìwé ìpolówó káàkiri lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní nítorí ọdún Kérésì, àwọn ti bu ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lówó iṣẹ́ abẹ ìpá, àti pé ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání yóò ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń fi ìpá rẹ̀ pamọ́ láti oṣù Kẹfà, tó ń dúró de ẹdínwó? Ọ̀rẹ́ wo lèèyàn sì máa pè pé, "Jọ̀ọ́, bọ́ sílẹ̀ ká jọ lọ fi ara fún ọ̀bẹ"?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò: ẹni tó ní òun ó fún ọ nílera, kó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọrùn. Lórí pátákó iwájú ọgbà, nọ́ọ̀sì mẹ́fà ń rẹ́rìn-ín. Mélòó ló ṣì kù ńlẹ̀ nínú wọn? Ọ̀pọ̀ wọn ti jápa lọ sí London, ẹ̀rín nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó kù ń dá iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ṣe, kò ráyè ẹ̀rín, n kò sì bá a wí. Yàrá ìgbàlejò tutù nini, tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹ wá wọ wọ́ọ̀dù. Ẹbí aláìsàn ló ń pọn omi, iná fóònù ni wọ́n fi ń wá iṣan tí wọ́n máa gún, wọ́n á tún ní kí ẹ sáré ra ìbọ̀wọ́ wá lóde. Wọn ò rówó ra ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń rówó ìpolówó rédíò láàárọ̀ lálẹ́!

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti fídíò. Ìyálọ́mọ tó bí lánàá, ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀, wọ́n ti na fóònù sí i lójú pé kó jó, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá dókítà, kí Instagram lè rí nǹkan wò. Ta ló tó kọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ìwé tí yóò fi lọ sílé wà? Ìyálọ́mọ kejì, tí wọ́n há mọ́ ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù nítorí gbèsè, ẹnikẹ́ni ò ya fídíò tirẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá wa gbọ́ òwe aṣọ àti ọrùn yẹn yé dáadáa. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2017, aya Ààrẹ ìgbà náà, Aisha Buhari, ké síta pé kò sí sírínjì nílé ìwòsàn Aso Rock. London ni ọkọ rẹ̀ ti gba ìtọ́jú lọ́dún náà.

Ní ti àwa tí kò lè lọ sí London, òfin ló kù fún wa. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014, abala 20, ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí pàjáwìrì bá dé bá, ohun yòówù kó fà á. Ìjìyà ẹni tó bá rú òfin yìí ni ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè ní géètì níbòmíràn ju ìyẹn lọ. Òfin náà ti bá wọn ṣe ẹdínwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí, kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni lọ, ẹ bi wọ́n bóyá ọ́síjìn wà, bóyá jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, dókítà wo ló ń sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bí wọ́n bá sì ti géètì mọ́ ẹni tó ń kú lọ nítorí owó, ẹ dárúkọ abala 20 fún wọn, kí ẹ sọ ọ́ sókè.