Ẹni Tí Omi Kò Gbé Lọ Rí

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Báyìí ni àwọn baba wa wí, ìkìlọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe fún ẹni tí ó bá gbójú lé ìmọ̀ rẹ̀ débi tí ó fi gbàgbé pé odò kì í ṣe ojúsàájú. Àmọ́ àwa ọmọ ayé òde òní, tí a kì í gba òwe kí a má tún un rọ, ti sọ ọ́ di àṣẹ: níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé òmùwẹ̀ ni omi ń gbé lọ, kí a kúkú máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí omi kò kan orúnkún rẹ̀ rí, nítorí òun ni ó dá wa lójú pé kò ní í kú sínú rẹ̀.

Ẹ dé etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá èyíkéyìí ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó bá a níbẹ̀: ọ̀gbẹ́ni Amọ̀wẹ̀-lẹ́nu, ọ̀gá òmùwẹ̀ orí ilẹ̀ gbígbẹ, akọni tí ń bẹ́ sódò tí aṣọ rẹ̀ kì í tutù. Bàtà rẹ̀ ń dán, ìgò mínírà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí àga ni ó sì ti ń kígbe sí ọmọ ọlọ́mọ tí omi ti ń kó sí nímú pé, "Gbórí sókè! Gbórí sókè jàre! Fi ẹsẹ̀ na omi!" Ọmọ náà gbórí sókè, ìdí rẹ̀ rì wálẹ̀, nítorí bí igi òṣùwọ̀n ni ara ènìyàn rí nínú omi: bí ìpẹ̀kun kan bá ròkè, èkejì a sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó dojú kọ ìsàlẹ̀, kí ó máa mí síta sínú omi, kí ó sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ó bá fẹ́ mí sínú. Ọmọ Ìlàjẹ tí ń gbálẹ̀ létí adágún náà mọ èyí, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà kí ó tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni bi í rí ju ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Barbot, oníṣòwò ará Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́ pé àwọn ará Elmina, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, a máa ju apá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tayọ àwọn yòókù ní etíkun náà. Ní ọdún 1844, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà méjì wá ju apá bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ń na ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wò wọ́n, wọ́n ní kò bá ìṣe ará Yúróòpù mu, omi ń ta jù. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tilẹ̀ fi ọ̀nà ti àtijọ́ borí àwọn àlejò náà, ọkàn gbogbo wọn sì balẹ̀ pọ̀ọ́. Ọ̀nà ti àtijọ́ yìí náà ni Matthew Webb fi la òkun alagbalúgbú tí ó wà láàárín Ìlú Ọba àti Faransé kọjá ní 1875, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 22. Ní 1926, Gertrude Ederle, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà tí kò ju ẹni 20 ọdún lọ, ju apá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì lo wákàtí 15.

Ṣé kí a wá máa gba gbogbo ohun tí òmùwẹ̀ bá wí ni? Rárá o, òmùwẹ̀ pàápàá kì í sábà mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe lábẹ́ omi. James Counsilman ti Yunifásítì Indiana, tí ó kọ́ Mark Spitz, ẹni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà méje ní Munich ní 1972, gbé kámẹ́rà wọ abẹ́ omi, ó sì rí i pé ọwọ́ tí gbogbo ayé ní ó yẹ kí a fà tààrà, ṣe ni ó ń yà sọ́tùn-ún, tí ó ń yà sósì, kí ó tó dé itan. Kíá ni àwọn olùkọ́ gbà á, tí wọ́n ń fi ipá mú ọmọdé fa ọwọ́ ní wíwọ́. Ó di ọdún gbọọrọ kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó wọn agbára tí omi ń fi ta ko ọwọ́, kí wọ́n sì ní àṣejù ti wọ̀ ọ́. Èmi kò bá Counsilman wí. Ó wo abẹ́ omi kí ó tó yanu, nígbà tí ó sì di ẹni ọdún 58, ní 1979, òun náà bọ́ sínú òkun tí Webb là, ó sì gúnlẹ̀ sí òdìkejì. Ọ̀gbẹ́ni orí àga kò tíì bọ́ bàtà.

Ìmọ̀ràn tí èmi fọkàn tán jù ni ti Benjamin Franklin, àgbà ọ̀mọ̀ràn Amẹ́ríkà, nítorí kò ní kí ẹnikẹ́ni gba òun gbọ́. Ó ní kí o rìn wọ inú omi tí ó mọ́ gaara títí yóò fi mù ọ́ dé àyà, kí o kọjú padà sí èbúté, kí o sì ju ẹyin kan sínú omi níwájú rẹ. Ẹyin yóò rì; ìwọ yóò bẹ̀rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ láti mú un, ìwọ yóò lajú sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìwọ yóò sì ti rí i pé rírì gan-an ni ó ṣòro, pé omi ń tì ọ́ padà sókè ni. Bí ó bá purọ́, omi yóò tú àṣírí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo rò ó fún àbúrò mi kan, tí ó ti ra awò inú omi, fìlà rọ́bà, àti aago tí ń ka iye ìgbà tí ènìyàn ju apá, ṣùgbọ́n tí kò tíì kan omi. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó ronú lọ títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ ni àbí ti àgírìkì?"